Thermostat tí mẹkáníìkì yọ ni ó ń jẹ epo mi

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè ìdí tí Corolla yín fi ń mu epo lámujù lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti fílítà afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra nǹkan kan mọ́ ná. Ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì yín bóyá thermostat, irin kékeré tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì dé, ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọkọ̀ mi gbóná ní Ògèrè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mẹkáníìkì tí mo bá níbẹ̀ yọ thermostat, ó jù ú sínú garawa irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní àwọn òyìnbó tí òtútù ń pa ni wọ́n nílò rẹ̀. Ooru náà lọ sílẹ̀ lóòótọ́, mo tilẹ̀ fi owó kún owó iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń sáré, ọwọ́ gẹ́ẹ̀jì ooru yóò wálẹ̀ pátápátá, àfi bí mo bá kó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Bẹ́gà kí ó tó gòkè. Mo rò pé àlàáfíà ni.

Iṣẹ́ thermostat ni láti dá omi dúró kí ó má lọ sínú rádíétọ̀, níbi tí ó ti ń tutù, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó. Ti ọkọ̀ mi, 82 (ti Celsius) ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò máa rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná sí i láàárọ̀ ni, yóò sì máa da epo kún epo. Kóòdù àṣìṣe P0128 ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà lọ: omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bí ó ti yẹ.

Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kìlómítà sílẹ̀: lítà 30 ń gbé mi rìn nǹkan bí 270. Lẹ́yìn tí mo fi thermostat tuntun sí i, ó di 320. Kí ẹ tó dè é, ẹ fi okùn so ó sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, ẹ óò rí i tí ẹnu rẹ̀ yóò là díẹ̀díẹ̀ kí omi tó hó. Èyí tí kò bá là, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Ṣùgbọ́n ẹ wá ohun tí ó mú ọkọ̀ gbóná ṣáájú. Ìdérí rádíétọ̀ ni tèmi, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹni tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, bí èéfín dúdú bá ń jáde, kí ó kọ́kọ́ wo nọ́sù tí ó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì àti fílítà afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí èéfín, tí gẹ́ẹ̀jì kò sì kúrò nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ thermostat kan náà ni.