Hilux tó ń gbọ̀n tó bá ti dé 90: ẹ má tíì ra táyà mìíràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Hilux ni mo fi ń kó kòkó láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́. Nínú ìgboro kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá bọ́ sí ọ̀nà Iléṣà, tí mo sáré dé 90, àga tí mo jókòó lé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nǹkan kan á sì máa kùn lábẹ́ ọkọ̀. Sítíárì kì í gbọ̀n. Mo ti ṣe bálánsì lẹ́ẹ̀mejì, mo ti pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Láti ìgbà tí a ti pààrọ̀ cross propeller (oríkèé irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn), bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn gan-an ni kí a dì mú.

Tí táyà iwájú bá ní àléébù, ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, sítíárì á máa jó. Ti ẹ̀yìn, ìdí ló ń mọ̀ ọ́n. Ìdí yín ló mọ ti yín, ó sì tún ń kùn. Kíkùn yẹn kì í sábà jẹ́ ti táyà. Tí ẹ bá ń sá 100, táyà Hilux ń yí bí ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Propeller ń yí tó 40, torí gíà inú axle ẹ̀yìn ló ń dín eré rẹ̀ kù kó tó kan ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ohun tó bá ń gbọ̀n kíákíá tó bẹ́ẹ̀, bí oyin ló máa ń ké.

Àmọ́ kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ fọ inú ríìmù ẹ̀yìn. Mo ti ha ẹrẹ̀ oko gbígbẹ jáde níbẹ̀ rí, ìṣù kan tó kún àtẹ́lẹwọ́ mi, ọkọ̀ ọ̀hún sì dákẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ra ojú táyà ẹ̀yìn náà, torí òun ni àpò kòkó ń jókòó lé, iwájú lẹ sì pààrọ̀. Tí ọwọ́ yín bá kan ibi tó wú, ẹ má fi sáré mọ́ rárá, ó lè fà ya lójijì. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Tí gbogbo ìyẹn bá mọ́, ó ku propeller. Ẹnu rẹ̀ la bí àmúga níbi tí cross ń wọ̀ sí, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan náà. Tí a bá tú u láìfi ọ̀dà sàmì, tí a sì dá a padà pẹ̀lú eyín kan péré tó yẹ̀ níbi tí apá rẹ̀ ti wọnú ara wọn, yóò máa yára, yóò máa falẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Mo gbà pé ohun tó ṣe ọkọ̀ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè, kó wò ó lójú yín. Kó tún wò bóyá irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn lára láti fi ṣe bálánsì rẹ̀ ti já. Ojú ibẹ̀ á yàtọ̀. Tó bá jẹ́ propeller alápá méjì, kó di bíárìn àárín tó gbé e ró mú, kó mì ín, kó wo rọ́bà rẹ̀ bóyá ó ti ya. Tí ohun gbogbo bá tọ́ tó ṣì ń kùn, ẹ gbé propeller lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe bálánsì rẹ̀.

Títí dìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá 70. Tí cross iwájú bá já lórí eré, propeller á já lulẹ̀, á gún ọ̀nà, tẹrù-tẹrù lọkọ̀ yín á sì wà.