Odídẹrẹ́ Mi Kò Jẹ́ Kí N Fọwọ́ Kan Ilé Rẹ̀ Mọ́

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú kan tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 4. Bí ó bá wà níta, èjìká mi ni ó máa ń bà lé, a sì máa tẹ orí ba kí n lè bá a họ ọrùn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá ti na ọwọ́ sínú kéèjì láti pààrọ̀ omi rẹ̀, ńṣe ni yóò fò mọ́ mi, ó sì ti bù mí ní ìka jẹ tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Àwọn ará ilé ní kí n wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, kí n sì fi agbára gbé e. Ṣé ẹyẹ yìí ti kórìíra mi ni?

Ìdáhùn: Kò kórìíra yín rárá, ilé rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Nínú igbó, inú ihò igi ni odídẹrẹ́ ń yé ẹyin sí, takọtabo wọn a sì máa gbèjà ihò náà lọ́wọ́ ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ ọn. Ìwà yìí kò kúrò lára rẹ̀ nítorí pé irin ni a fi kọ́ ilé fún un. Ọjọ́ orí tí ẹ dárúkọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé láàárín ọdún 3 sí 5 ni irú odídẹrẹ́ yìí sábà máa ń bàlágà.

Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yẹn. Kí odídẹrẹ́ tó bu ènìyàn jẹ, ó máa ń kìlọ̀: dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ yóò máa fẹ̀, yóò sì máa súnkì léraléra, ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ yóò dìde, yóò tẹ ara ba lórí igi, yóò sì ya ìkóódẹ rẹ̀ sílẹ̀ gbàragada. Ẹni tí ó bá wọ ìbọ̀wọ́ kò ní ka ìkìlọ̀ wọ̀nyí sí, ẹyẹ tí a kò bá sì ka ìkìlọ̀ rẹ̀ sí lè dẹ́kun ìkìlọ̀, kí ó kàn máa bu ènìyàn jẹ lójijì. Bí ẹ bá ti rí àwọn ìkìlọ̀ náà, ẹ dá ọwọ́ dúró.

Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ inú kéèjì nígbà tí ó bá wà níbẹ̀. Ẹ wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ nà án sí i láti àárín irin. Bí ó bá ti fi ẹnu kan ṣónṣó rẹ̀, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fún un ní díẹ̀ nínú oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù. Nígbà tí ó bá ti mọ eré yìí dáadáa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ọ̀pá náà darí rẹ̀ jáde bọ́ sórí igi ìbàlé kan níta, kí ẹ tó palẹ̀ inú kéèjì mọ́. Kò yẹ kí ẹ kánjú.

Ẹ yọ àpótí, aṣọ tí ó ṣe bí àgọ́ àti ohunkóhun tí ó ṣókùnkùn bí ihò kúrò nínú kéèjì, nítorí pé wọ́n máa ń mú un ronú ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa sùn nínú òkùnkùn fún wákàtí 10 sí 12 lóru. Orí àti ọrùn nìkan ni kí ẹ máa fọwọ́ pa. Bí a bá ń pa á ní ẹ̀yìn tàbí abẹ́ apá, ó lè ka ẹni náà sí ẹnìkejì rẹ̀.

Bí ó bá bù yín jẹ, ẹ má pariwo, ẹ má sì gbọ̀n ọ́n dànù. Ariwo lè di eré lójú rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí kò jẹun mọ́, dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ bá, nítorí pé ìrora pẹ̀lú a máa mú ẹyẹ bínú. Bí ó bá sì ń bá yín jà lórí igi ìbàlé níta pẹ̀lú, ó lè jẹ́ pé igi náà ti sún mọ́ kéèjì jù. Ẹ gbé igi náà lọ sí yàrá mìíràn.