Èsì: Wọ́n lé ọmọ jáde nínú ìdánwò torí owó PTA

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé ọmọ yín tó wà ní Píráímárì 5 jáde nínú ìdánwò torí owó PTA (ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́). Òfin UBE ti ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbowó lòdì sí i lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3, tàbí méjèèjì.

Ilé-ìwé ìjọba nìkan lèyí bá wí o, kò sì kọjá JSS 3.

Owó PTA fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òbí lè dá a láti fi tún òrùlé ṣe. Kí wọ́n wá fi ìdánwò ọmọ dógò ni kò bójú mu rárá.

1. Ẹ béèrè rìsíìtì tàbí ìwé tó fi iye owó náà hàn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ọjọ́, iye owó àti ẹni tó béèrè rẹ̀ sílẹ̀.

2. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Láìsí òǹtẹ̀, "a ò rí lẹ́tà kankan" lẹ máa gbọ́ lọ́la.

3. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti máa ń dojú rú. Àwọn ilé-ìwé kan wà nínú ìlú Òṣogbo tó jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́rundá ló ni wọ́n, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo. Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lára pátákó iwájú ilé-ìwé kí ẹ tó gun ọ̀kadà.

Ẹ má bá tíṣà kíláàsì jà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.