Ẹrù Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Òkun: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Àsìkò ìsinmi ti ń sún mọ́lé, lẹ́tà tó sì ń dé sí ojú ewé yìí lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun kò kéré. A ṣa márùn-ún nínú wọn, a sì gé èyí tó gùn kúrú.

Kí ni kí n yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ àkọ́kọ́?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjì (ọdún 9 àti ọdún 3) ń wọ ọkọ̀ ọlọ́jọ́ méje láti Galveston lọ sí Cozumel, Costa Maya àti Roatán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má kó gbogbo ẹrù sínú àpótí ńlá. Kí ló dé? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Houston

Ìyá àwọn ọmọ, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Bí ẹ bá ti dé ẹnu èbúté, àwọn aláàárù á gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín. Wọ́n á gbé e gba inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò, ó di inú ọkọ̀, kí òṣìṣẹ́ tó wá gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín. Ẹ lè wọlé ní aago méjìlá ọ̀sán kí àpótí má dé títí di aago mẹ́fà, nígbà míì aago mẹ́jọ alẹ́. Ohun tó wà léjìká yín nìkan lẹ ní títí dìgbà náà, àwọn ọmọ á sì ti rí omi tí wọ́n fẹ́ bọ́ sí.

Nítorí náà, inú báàgì èjìká ni ìwé ìrìnnà gbogbo yín àti ìwé ìwọkọ̀ ń gbé, pẹ̀lú gbogbo oògùn, fóònù àti ṣájà, góòlù bí ẹ bá gbé e dání, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ìpààrọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ìwé ìrìnnà ni ká tẹnu mọ́ jù: ní tábìlì ìwọlé ni wọ́n ti máa béèrè rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹlòmíì ń rántí pé inú àpótí tó ti lọ ló wà.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ á fi táàgì ẹrù ránṣẹ́ sí yín lórí íméèlì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ká a, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e, kí ẹ sì kàn án mọ́ ọwọ́ àpótí dáadáa, nítorí bébà lásán máa ń já. Ẹ tún kọ orúkọ yín, orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà yàrá sórí ìwé kan, kí ẹ fi í lé aṣọ lórí nínú àpótí. Bí táàgì bá já, ìwé yẹn ni wọ́n á fi mọ olówó ẹrù. Ẹ mú dọ́là kọ̀ọ̀kan dání fún àwọn aláàárù; dọ́là kan sí méjì lórí àpótí kan bójú mu.

Bí ọmọ ọdún 3 yẹn bá ṣì ń lo pámpásì, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jẹ́ kó wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ pámpásì tí wọ́n ṣe fún inú omi. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe, àìsàn ni wọ́n ń sá fún. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ibi ìṣeré omi tiwọn fún àwọn ọmọ kéékèèké.

Alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn náà tún ní tirẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ gbé àpótí síta yàrá ṣáájú nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ yọ aṣọ, bàtà àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹ máa wọ̀ láàárọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde. Ọdọọdún là ń rí àwọn tó fi aṣọ ìsùn sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté.

Ìwé wo ni kí ọmọ Nàìjíríà mú dání?

Èkó ni mo ń gbé, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní, físà Amẹ́ríkà sì wà nínú rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Miami fún òru méje. Ṣé ó ku ohun kan? — Baálé ilé, Sùúrùlérè

Ó kù, sà. Ẹ wo físà yẹn bóyá ó gbà yín láàyè láti wọ Amẹ́ríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Miami, ẹ ti jáde ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìgbà tó bá padà dé, ẹ ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìlú tí ọkọ̀ máa yà sí, kí ẹ wá òfin ìwọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ Nàìjíríà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú wọn, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ti lọ rí. Mexico ń gba ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láì béèrè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo erékùṣù ló rí bẹ́ẹ̀. “Mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀” kì í ṣe àwíjàre. Bí ìwé ìlú kan bá kù, wọ́n lè dá yín padà ní Miami, owó yín sì lè wọgbó.

Ẹ rí i pé ó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí ìwé ìrìnnà yín tó parí, kí ẹ kà á láti ọjọ́ tí ìrìn àjò bá tán. Ẹ mú káàdì ìyẹ́lò dání pẹ̀lú, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Caribbean ló máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò. Láti ọdún 2016 ló sì ti di ìwé tí kì í kú: bí wọ́n bá kọ ọdún 10 sórí tiyín, kò sídìí tí ẹ fi máa tún un gbà.

Ní ti owó, dọ́là ni gbogbo nǹkan nínú ọkọ̀, wọ́n á sì kọ gbogbo rẹ̀ sí ọrùn yàrá yín títí di ìparí. Káàdì náírà lè kọ̀ láàárín òkun. Bí ẹ bá fún wọn ní káàdì tó ń yọ owó tààrà nínú àkáǹtì, wọ́n lè máa ti owó kan pa sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì lè pẹ́ kí ó tó tú sílẹ̀. Ó dára kí ẹ san owó ìdúró lówó ọwọ́ ní tábìlì ìgbàlejò. Ẹ má gbàgbé owó òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi kún un fúnra wọn: nǹkan bí dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kan lóru kan. Fún ẹ̀yin méjèèjì, òru méje, ó tó dọ́là 224 sí 280.

Ẹ dé Miami ó kéré tán ní ọjọ́ kan ṣáájú. Bí bàálù bá pẹ́, ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Gààrí, àyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù ńkọ́?

Mi ò lè jẹ oúnjẹ òyìnbó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣé mo lè gbé gààrí, ata, ẹran díndín àti kẹ́tùlù kékeré? Àyọ́ọ̀nù ńkọ́? — Abilékọ, Baltimore

Ẹ fi àyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù sílé. Ohunkóhun tó bá ń gbóná, títí kan ẹ̀rọ tó ń fi ooru tú aṣọ, kò wọ inú yàrá. Àbẹ́là àti tùràrí náà kò wọ ibẹ̀. Iná lójú òkun kò ní ibi tí èèyàn lè sá sí. Ẹ̀rọ ayẹ̀rùwò á rí i, wọ́n á gbà á títí di ọjọ́ ìkẹyìn, àpótí yín á sì máa dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ nígbà tí ti ẹlòmíì ti dé yàrá. Àwọn ọkọ̀ kan ní yàrá ìfọṣọ tí àyọ́ọ̀nù wà, àwọn kan kò ní, ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Bí kò bá sí, ẹ ká Áńkárá róbótó dípò kí ẹ ṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì so ó kọ́ sínú ilé ìwẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi omi gbígbóná wẹ̀.

Ẹ̀sténṣọ̀n tó ní ohun tó ń dènà iná àpọ̀jù náà kò wọlé, èyí sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu torí wọ́n rò pé ìyẹn gan-an ló dáa jù. Wáyà iná inú ọkọ̀ kò rí bíi ti ilé: ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà méjèèjì ló ní iná, kò sí èyí tó so mọ́ ilẹ̀. Ohun ìdènà yẹn lè gbóná kó sì gbiná. Orí ṣájà tó ní ojú USB mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí ohun ìdènà ni kí ẹ rà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú yàrá kì í pọ̀. Lórí ọkọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà gbéra, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ méjì ti Amẹ́ríkà ló sábà máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́nu róbótó méjì ti Yúróòpù. Ṣájà ẹlẹ́nu mẹ́ta tí wọ́n rà ní Nàìjíríà kò lè wọ ìkankan nínú wọn.

Ó wá kan oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò gba ohun tí ẹ sè nílé, ẹran díndín wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ilé iṣẹ́ tí wọn kò tíì já, tí orúkọ wà lára rẹ̀, ni wọ́n ń gbà: gààrí, kúlíkúlí, ṣinṣín, ata gbígbẹ. Omi gbígbóná wà níbi ìjẹun fún tíì ní ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n kì í hó, á sì ti rọ kó tó dé yàrá. Èbà tí wọ́n bá fi tẹ̀ á ní kókó. Ẹ gbé fúláàsì tó dára, kí ẹ bu omi náà síbẹ̀ tààrà, kí ẹ sì lo gààrí tó kúnná. Ẹni tó bá lè mu gààrí tútù kò ní wàhálà kankan. Irú ni ká bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀: ọ̀pọ̀ yàrá kò ní fèrèsé tó ń ṣí.

Ẹ má gbé ẹran, èso tàbí sáńwíìsì inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú kankan. Ajá tó ń fi imú wá ẹrù ń dúró ní èbúté kan, owó ìtanràn sì wà. Ọtí: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gba ìgò wáìnì kan (750 ml) lọ́wọ́ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ìwọkọ̀, nínú báàgì ọwọ́. Ògógóró àti ṣìnáàpù kò sí níbẹ̀.

Òòyì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹni ọdún 61 ni mí. Àwọn ọmọ mi sanwó ọkọ̀ fún mi láti Southampton lọ sí Norway ní oṣù kẹfà. Ọkọ̀ ojú omi máa ń kọ́ mi lóòyì, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ni kí n mú dání? — Màmá, Peckham

Màmá, ẹ kú oríire. Oògùn òòyì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ lò ó ṣáájú. Ní Britain, wọ́n ń ta cinnarizine onímílígíráàmù 15: méjì ní wákàtí méjì ṣáájú ìrìn àjò, lẹ́yìn náà ẹyọ kan ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ó ń múni sùn, ẹ má fi ọtí kún un. Ẹ fi orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò han apòògùn kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí, hyoscine, kò yẹ fún ẹni tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Ẹ ní kí àwọn ọmọ gba yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀. Iwájú àti òkè ló ń fì jù.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ ka iye ọjọ́, ẹ fi ti ọjọ́ 5 lé e, kí ó wà nínú páálí rẹ̀ tí orúkọ yín wà lára. Ẹ má tú u sínú ọ̀rá. NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, kì í san owó dókítà inú ọkọ̀, owó náà sì ga. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ìṣedúró ìrìn àjò tó mẹ́nu ba ọkọ̀ ìgbafẹ́ àti gbígbé aláìsàn kúrò lójú òkun, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ bá fi pa mọ́, wọn kò ní sanwó.

Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus, kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó máa ń tàn nínú ọkọ̀.

Oṣù kẹfà Norway kì í ṣe oṣù kẹfà Ìbàdàn. Òjò pọ̀ ní Bergen, ọ̀fìnkìn sì súnmọ́ ẹni. Kóòtù òjò tó ní fìlà, súwẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Agbòjò kò wúlò nínú afẹ́fẹ́ ojú òkun. Ẹ mú ìbojú fún oorun, nítorí ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣú níbẹ̀ nígbà náà.

Aṣọ ẹbí fún ọjọ́ ìbí

Obìnrin mẹ́jọ ni wá, à ń lọ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún lórí ọkọ̀ láti Miami, a máa kan St. Thomas àti Barbados. Ṣé a lè wé gèlè? — Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, Atlanta

Ẹ wé e! Nínú ọjọ́ méje, alẹ́ kan tàbí méjì ló máa ń jẹ́ ti aṣọ ńlá. Ìró, bùbá àti gèlè wà ní ipò rẹ̀ dáadáa. Ẹ tẹ́ gèlè aṣọ òkè pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Gèlè tí wọ́n ti rán sílẹ̀ nílò àpótí líle tirẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ kéékèèké kún inú rẹ̀ kó má baà tẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nínú ilé, afẹ́fẹ́ òkè ọkọ̀ á ṣí i. Gìgísẹ̀ bàtà tó tín-ín-rín ń há sáàárín pákó òkè ọkọ̀. Ẹ mú ìborùn, torí ẹ̀rọ amúlétutù ilé ìjẹun kì í ṣe kékeré.

Háńgà inú yàrá kì í tó ẹni méjì, ẹ gbé tín-ín-rín mẹ́wàá dání. Irin ni ògiri ọ̀pọ̀ yàrá: ìkọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin á gbé fìlà, báàgì àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó tutù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọdún 2020 ni St. Thomas ti fi òfin de ìpara adènà-oòrùn tó ní kẹ́míkà oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene. Ẹ ra èyí tó jẹ́ zinc oxide, kí ó jẹ́ aláwọ̀ díẹ̀, torí funfun rẹ̀ máa ń hàn lára wa bí ẹfun. Aṣọ aláwọ̀ ológun sì rèé: èèwọ̀ ni ní Barbados, Jamaica, St. Lucia, Antigua àti Grenada, fún àgbà àti ọmọdé. Báàgì àti fìlà wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀, Atlanta ni kó ti bọ́ ọ.