Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Oníkẹ̀kẹ́: Raleigh tó ń dán jù

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùúrùlérè ni mò ń gbé. Bàbá kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, apá Campos níbẹ̀ yẹn, tó máa ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ, ó ní bíi mọ́kànlá tó gbé kọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan wà ńbẹ̀ tí ojú mi ò kúrò lára ẹ̀, Raleigh dúdú, bíréèkì onírin, gíà mẹ́ta, pẹ́ntì ẹ̀ ń dán yanran. Bàbá ní 1952 ni wọ́n ṣe é, pé ọ̀gá ilé ìwé kan ló kọ́kọ́ gùn ún. ₦650,000 ló pè é, ó ní ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, kí n tètè fi nǹkan sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rìjínà ni, ṣé owó yẹn sì bójú mu? Ọmọ Ṣùúrùlérè.*

Àbúrò, owó yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, "ń dán yanran" tó o kọ yẹn ni. Kẹ̀kẹ́ tó ti wà láyé láti 1952, ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí atẹ́gùn ọ̀sà ń jẹ irin tọ̀sán tòru, kí ló fẹ́ dán sí? Wọ́n ti kùn ún ni. Kíkùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, àmọ́ àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ dáadáa, pẹ́ntì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún, bó ti wù kó ti họ tó, kódà kí ìlà wúrà tó wà lára ẹ̀ ti parẹ́ tán. Tí wọ́n bá ti kùn ún báyìí, ó ti di kẹ̀kẹ́ tó rẹwà lásán, owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ohun kejì ni pé pẹ́ntì tuntun máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, ohun tó sì bò yẹn lo máa lọ wá.

Lọ lọ́sàn-án, má lọ nírọ̀lẹ́ tí NEPA bá ti mú iná lọ o, mú tọ́ọ̀ṣì, àkísà, kẹrosíìnì díẹ̀ àti mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Ní kí bàbá gbé e kúrò lára ògiri kó o lè yí i po. Mágínẹ́ẹ̀tì yẹn, fi gba ara fíréèmù kiri díẹ̀díẹ̀, irin ni gbogbo ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn, ibi tó bá ti ń yọ̀, tí kò fẹ́ dì í mú, pọ́tì ló wà lábẹ́ pẹ́ntì yẹn, wọ́n ti dí ihò ìpẹtà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà fi ìka ra abẹ́ irin tó ti ọrùn háńdù sọ̀kalẹ̀ wá síbi pẹ́dà, ní òkè pátápátá nítòsí ọrùn. Tó o bá fọwọ́ kan ibi tó ká bí awọ iwájú orí arúgbó, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan rí. Dúró níwájú ẹ̀ kó o wò ó gún, wò ó láti ẹ̀gbẹ́ náà bóyá fóòkù, irin tó di wíìlì iwájú mú, ti ṣẹ́ sẹ́yìn.

Ó wá kan ọjọ́ orí. Raleigh, Nottingham ní ìlú Ọba ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ láàárín ọdún 1880 sí 1889, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ti ṣe lọ bí iyanrìn ni, torí náà ọjọ́ orí nìkan ò sọ ọ́ di góòlù. Nọ́ńbà ara fíréèmù ni gbogbo èèyàn máa ń sáré sí, ó dáa kó o kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Raleigh máa ń dojú rú, oríṣiríṣi ni wọ́n lò láti ọdún dé ọdún, má gbé gbogbo ọkàn ẹ lé e. Ibi tí màá ní kó o wò ni họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, irin àárín wíìlì ẹ̀yìn, níbi tí gíà wà. Ta kẹrosíìnì sí àkísà, nù ún dáadáa títí ìdọ̀tí dúdú yẹn á fi kúrò, wàá rí Sturmey-Archer, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe gíà yẹn, wàá rí AW, irú gíà mẹ́ta tó jẹ́, wàá tún rí nọ́ńbà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bíi 52 àti 3. Ọdún àti oṣù nìyẹn, Máàṣì 1952. Tó o bá ka 67 síbẹ̀, rọra yí i sí bàbá lójú kó o máa wo ohun tó máa sọ.

Àmọ́ o, ọjọ́ orí wíìlì ni họ́ọ̀bù ń sọ, wíìlì sì rọrùn láti yọ kúrò lára kẹ̀kẹ́ kan sára òmíràn. Ibi tó ti mú mi nìyẹn. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn mo ra Humber, kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì míì, lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Mushin, họ́ọ̀bù ẹ̀ dáa, déètì ẹ̀ pé, àmì iwájú ẹ̀ ń wò mí, irin roboto ibi pẹ́dà tí wọ́n gé àwòrán èèyàn márùn-ún sí wà ńbẹ̀ gbáà, inú mi dùn débi pé mi ò wo fóòkù. Irú Humber tí mo rò pé mò ń rà yẹn, fóòkù ẹ̀ oníbejì ni, irin méjì méjì ló ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tèmi, ẹyọ kan ẹyọ kan. Nígbà tí mo délé tí mo tú àmì iwájú, ihò mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀, méjì péré ni àmì yẹn ń lò. Àmúlùmálà ni wọ́n tà fún mi ní owó odindi. Ìyàwó mi ṣì ń pè é ní "Èkó-gba-olè" títí dòní.

Torí náà jẹ́ kí ẹ̀yà ara ẹ̀ máa jẹ́rìí síra wọn. Lára Raleigh, wo irin roboto ibi pẹ́dà yẹn, orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn bíi ti lékeléke ni wọ́n gé sí i. Tó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lo rí, ti Rudge nìyẹn, kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì míì. Rudge ti di ti Raleigh láti 1943, Humber ti wọlé ṣíwájú ní 1932, nítorí náà ẹ̀yà ara wọn máa ń bá ara wọn mu, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó rọrùn láti pa wọ́n pọ̀. Ìjókòó ńkọ́? Tó bá jẹ́ Brooks aláwọ ló wà lórí ẹ̀, tẹ awọ yẹn, tó bá ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kàn án mọ́, ó ti kú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé yẹn, bi bàbá bóyá fọ́tò wà, bóyá ìwé láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà yẹn wà tàbí rìsíìtì. Tó bá wà, fi owó kún un, mi ò ní bá ẹ jà. Tí kò bá sí, gbọ́ ìtàn yẹn, rẹ́rìn-ín, kó o má sanwó ẹ̀.

Bó o ṣe máa ṣírò ẹ̀: má wo iye táwọn èèyàn ń PÈ, iye tí wọ́n rí gbà ni kó o wádìí, bi oníkẹ̀kẹ́ méjì mẹ́ta tí wọn ò mọ bàbá. Lẹ́yìn náà yọ gbogbo ohun tó ò bá rí lára ẹ̀. Tayà 28 inch yẹn ṣì wà ní tuntun, wọ́n ṣì ń ṣe é ní Íńdíà, ìyẹn ò ṣòro. Ilé ṣéènì tó bá sọ nù, pọ́ọ̀ǹpù, iná iwájú ayé ọjọ́un, àwọn yẹn gan-an lówó àti wàhálà wà. Pẹ́ntì tuntun náà, yọ ọ́. Gùn ún kí o yí gíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ìkejì bá ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, yọ ọ́. Bóyá ló máa tó ìdajì owó tó pè.

Ẹni tó ń bọ̀ ní Sátidé yẹn, jẹ́ kó wá. Má tiránsífà kọ́bọ̀ kankan kó o tó fojú rí họ́ọ̀bù yẹn, tẹ́ ẹ bá sì jọ gbà, gba ìwé tí nọ́ńbà fíréèmù àti orúkọ àtọjọ́ wà nínú ẹ̀, kí ẹnì kan tó mọ bàbá fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí gbé kì í kọ orúkọ olówó ẹ̀ síwájú orí.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ebute Meta ni mo wà. Bàbá àwọn ọmọ fi kẹ̀kẹ́ Phoenix sílẹ̀ kó tó di olóògbé. Ọmọkùnrin kan ní féèkì Raleigh ni, pé ₦30,000 lòun máa fún mi. Ṣé kí n tà á? Ìyá Àgbà.*

Ẹ kú àtijọ́, Mà. Ẹ má gbà fún un. Phoenix kì í ṣe féèkì ẹnikẹ́ni, kẹ̀kẹ́ Shanghai ni, orúkọ ara ẹ̀ ló ń jẹ́. Ó fara jọ Raleigh lóòótọ́, torí pé irú kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn làwọn ará Ṣáínà àti Íńdíà wò ṣe, Flying Pigeon náà rí bẹ́ẹ̀, Hero náà. Féèkì ni tí ẹnì kan bá lọ kan àmì Raleigh mọ́ ọn. Mi ò ní pa irọ́ fún yín, kò ní tó ti Nottingham lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o jọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wá ra ohun tó pè ní féèkì, ó mọ nǹkan tó rí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ya fọ́tò ẹ̀ ranṣẹ́ sí mi, kó ya ibi pẹ́dà àti ọrùn ẹ̀ dáadáa.

*Ẹ̀gbọ́n, ìpẹtà ti bo háńdù kẹ̀kẹ́ mi tó ń dán tẹ́lẹ̀. Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́? Yábà.*

Bébà fadaka tí wọ́n fi ń wé ẹran yẹn, ká a, rì í bọ omi lásán, kó o máa fi ha án, á ti di dúdú lọ́wọ́ ẹ kó o tó mọ̀, nù ún, fi epo díẹ̀ pa á. Má fi yanrìn o!