Kí o tó ra káàdì géèmù, fi Linux dán an wò lójú ẹni tó ń tà á

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní 400,000 náírà wà lọ́wọ́ rẹ, pé HP tòkunbọ̀ tó o ń lò ní Ìgbógbó jẹ́ Core i5 ìran kẹrin, RAM 4GB, pé Windows 11 kọ̀ ọ́. O wá ní ṣé kí o gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, lé e, kí o sì fi gbogbo owó náà ra graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. Má tíì ṣe é. Irú owó bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi rí, mo sì fẹ́ kí o mọ ibi tó gbà bọ́.

Ọdún 2022 ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sábó, Ìkòròdú, níbi tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ń ṣe fọ́tòkópì. Dell OptiPlex 9020 ni mo fi ń ṣiṣẹ́, tòkunbọ̀ náà ni. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń bẹ̀ mí nítorí géèmù tipẹ́, mo ní kí n ra káàdì kan sí i kó lè máa fi ṣeré lálẹ́ tí iṣẹ́ bá parí. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Gáráàjì dé Ketu, mo gba ibẹ̀ lọ Ìkejà. Ẹnì kan pè mí wọ ìsọ̀ rẹ̀, ó yọ káàdì NVIDIA kan tó ń jẹ́ GTX 1050 Ti jáde nínú ọ̀rá, 4GB, ó pè é ní 85,000. A na án títí ó fi gba 70,000. Ó fi í sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, Windows sì pe orúkọ náà ketekete: GTX 1050 Ti. Mo sanwó, mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀.

Géèmù bọ́ọ̀lù tó ti lé ní ọdún márùn-ún ń wọ́ bí ìgbín lórí rẹ̀. Mo ní iná ni kò tó o. Mo lọ ra power supply mìíràn, mi ò mọ̀ pé Dell yìí kì í lo ẹnu wáyà tí gbogbo ọjà ń lò: onímẹ́jọ ni tirẹ̀, onímẹ́rìnlélógún sì ni èyí tí mo rà. Ó ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi títí dòní.

Kì í ṣe géèmù ló gbé mi dé ìdí Linux. Fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì àwọn kọ́sítọ́mà ni. Ó sú mi, mo sì gbé Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà Linux, lé Dell náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ mi gbé Steam, ètò tí a fi ń ra géèmù, sí i, ó tẹ géèmù kan, géèmù kọ̀, ó ní òun kò rí Vulkan, èdè tí géèmù fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló tú àṣírí gbogbo. Géèmù Windows kò gbọ́ èdè Linux. Ọ̀gbufọ̀ kan tó ń jẹ́ Proton, tí Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni Steam, gbé jáde ní 2018, ló ń bá a túmọ̀, Vulkan ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí. 1050 Ti gbọ́ Vulkan dáadáa. Kí ló wá dé tí tèmi kò gbọ́?

Mo ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo tẹ `sudo dmesg | grep -i nouveau`. Nouveau ni driver, ètò tí Linux fi ń darí káàdì NVIDIA. Ìlà àkọ́kọ́ ní: NVIDIA GF116.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á dé kí n tó wá orúkọ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. GP107, orúkọ chip inú 1050 Ti, ló yẹ kó wà níbẹ̀. GF116 ni ọkàn GTX 550 Ti, káàdì ọdún 2011, ìran tí Vulkan kò kàn rárá. Wọ́n ti yí BIOS, ètò kékeré inú rẹ̀, padà kó lè máa fi orúkọ olórúkọ tan Windows jẹ. Driver Linux kò béèrè orúkọ lọ́wọ́ BIOS ní tirẹ̀, ara chip gan-an ló lọ kà á.

Mo tú káàdì náà, mo tan iná fóònù sí i. Ihò VGA aláwọ̀ búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi skúrù méjì de wáyà mọ́. Ìran 1050 Ti kì í gbé àwòrán gba irú ihò yẹn jáde mọ́ rárá. Mo fi èékánná ṣí igun ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣí wẹ́rẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì tutù, ojú ibi tí wọ́n ti ha ìwé àtijọ́ kúrò sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Ìkejà, ọkùnrin náà ní gàràntí ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. Mo rọ̀ ọ́, mo pariwo, ojú kan ló dúró sí. 70,000 náírà, ní ìgbà tí ẹgbẹ̀rún náírà ṣì jẹ́ owó.

Nítorí náà, bí ọjọ́ ríra káàdì bá dé, gbé Linux sínú fláàṣì lọ sí ọjà. Kò sí ìdí láti gbé e lé kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, inú fláàṣì ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ní kí ẹni tó ń tà á tan ẹ̀rọ rẹ̀ láti inú fláàṣì yẹn, tẹ ohun tí mo tẹ, kí o ka orúkọ chip fúnra rẹ. Ẹni tí kò bá gbà kí o dán an wò, kúrò níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe ra RX 560, káàdì AMD tí mo ń lò báyìí, nìyẹn, ní oṣù karùn-ún 2023. Tí AMD bá ni, amdgpu ni o máa kọ dípò nouveau. Tèmi kọ POLARIS11, orúkọ chip ìran RX 560, mo sì mọ̀ pé ìran rẹ̀ gan-an ni. Driver AMD ti wà nínú Linux látilẹ̀, mi ò fi dátà gba nǹkan kan kún un. Orí ló sì kó mi yọ: oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 ní báńkì kọjá 700 kí oṣù keje tó parí. Ọ̀rẹ́ mi tó ní òun ń bọ̀ wá ra irú rẹ̀ kò lè rà á mọ́.

Ṣùgbọ́n o kò sọ géèmù tó o fẹ́ gan-an títí o fi dé ìparí: FC, géèmù bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ EA, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, GTA Online, ìyẹn GTA V tí a ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti Euro Truck Simulator 2. Ibẹ̀ ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀. FC kò ní ṣiṣẹ́ lórí Linux, nítorí ohun tí EA fi ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe màgòmágó kò gba Linux láyè. GTA Online ti lọ bẹ́ẹ̀ náà láti oṣù kẹsàn-án 2024. Ìtàn inú GTA V nìkan ló kù. Euro Truck ní tirẹ̀ ní ẹ̀dà Linux gidi, á sì sáré lórí káàdì kékeré. Kò sí owó káàdì tó lè tún méjì àkọ́kọ́ yẹn ṣe. Bó bá jẹ́ FC pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ni ọkàn rẹ fà sí jù, lọ ra PS4 tòkunbọ̀. FC 26 ṣì jáde fún un. Mo fẹ́ràn Linux dọ́ba, síbẹ̀ mi ò ní fi ìfẹ́ tì ọ́ sínú gbèsè. Èmi náà ṣì fi Windows sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí CorelDRAW tí a fi ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Ní ti HP rẹ, má sọ ọ́ nù. Ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń gbà, Microsoft sì ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá 2025, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ kò kú. Ra SSD 240GB, ibi ìkó-fáìlì-pamọ́ tó yára ju hard disk lọ, kí o sọ RAM di 8GB ó kéré tán. RAM tuntun ti gbówó lórí káàkiri ayé láti ìparí 2025 nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ AI tó ń kó o. Micron, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe RAM, tilẹ̀ ní òun kò ní ta Crucial, èyí tó ń ṣe fún aráàlú, mọ́. DDR3, irú RAM àtijọ́, ni tìrẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ AI kò wá irú ẹ̀, tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣì wà. SSD àti RAM yìí ni wàá kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ wọn, kì í ṣe káàdì. Fi díẹ̀ pamọ́ fún ìnáwó dátà pẹ̀lú, torí Linux kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n GTA V nìkan ń lọ sí nǹkan bí 100GB.

Bó o bá ráyè ní Sátidé, wá sí Sábó, mú fláàṣì 8GB dání. Màá kọ Mint sínú rẹ̀ fún ọ, kí o lò ó lórí HP náà ní ọ̀sẹ̀ méjì láìfọwọ́ kan Windows rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn la ó jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ káàdì.