Èsì: Èépá omi líle nínú ẹ̀rọ espresso ní London
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá fínígà lè yọ èépá funfun tí omi líle (omi tó kún fún ẹfun) ń fi sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ kọfí espresso yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó: òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ, ó sì lè ba àwọn rọ́bà inú ẹ̀rọ náà jẹ́. Citric acid (ásíìdì tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́) ni kí ẹ rà. Ẹ po gíráàmù 20 mọ́ omi lítà 1 tó lọ́ wọ́ọ́rọ́; bó bá gbóná jù, citric acid àti èépá náà lè di ẹrẹ̀ funfun tí yóò tún dí páìpù. Ẹ kọ́kọ́ yọ asẹ́ inú táǹkì ẹ̀rọ náà, kí ẹ tó da omi citric acid náà sínú táǹkì. Ẹ fa ìdajì omi náà gba ẹnu kọfí àti ọ̀pá tí ń fẹ́ ooru, ẹ pa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fa ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi mímọ́ táǹkì méjì ṣàn án. Bí kọfí bá ṣì ń kán tó-tó-tó dípò kó máa ṣàn, ẹ tú asẹ́ onírin ẹnu kọfí, ẹ fọ̀ ọ́: èépá tó ṣí kúrò máa ń há síbẹ̀.